Peugeot 206 CC: Ọkọ̀ olórùlé irin tó ń ṣí, èyí tí òṣìṣẹ́ náà lè rà

Bí àwọn èèyàn bá rí ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́ sí ẹni tó ń wà á, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni pé ọmọ olówó ló ni ín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ náà rí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì fẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi kó gba èyí tí aṣọ tapólì jẹ́ òrùlé rẹ̀, èyí tí olè lè fi ọ̀bẹ ya lóru, tí otútù ń wọ̀, tí ariwo ojú títì kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbọ́ ara wọn yékéyéké. Èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin, tó ń ṣí fúnra rẹ̀, tó sì ń ká wọ inú bọ́ọ̀tù, ti àwọn ọlọ́lá ni.

Láàárín òpin ọdún 2000 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní 206 CC. Òrùlé irin ló ní, òrùlé náà ń ṣí, ó ń pa dé, owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé báńkì ní Yúróòpù lè fi ẹ̀yáwó san díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ rà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò dúró dè é. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá kan tí kò ṣe irú tirẹ̀. Àmọ́ kí ogún ọdún tó pé, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ti parẹ́ tán lórí àtẹ. Bí ìfẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe dé, tó sì ṣe tán, jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ nítorí ẹwà.

IRÚ ỌKỌ̀ TÓ JẸ́

Lẹ́tà C méjì tó wà lára orúkọ ọkọ̀ náà dúró fún Coupé Cabriolet. Ní èdè àwọn Faransé, coupé ni ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí òrùlé rẹ̀ le, cabriolet sì ni ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Ohun tí Peugeot ń sọ ni pé ọkọ̀ méjì ló wà nínú ẹyọ kan: bí òjò bá ń rọ̀, ọkọ̀ lásán ni; bí oòrùn bá yọ, ọkọ̀ afẹ́ ni.

Orí 206, ọkọ̀ kékeré tí Peugeot gbé jáde ní ọdún 1998, ni wọ́n gbé e kà. Ní oṣù kẹta ọdún 1998 kan náà, níbi àfihàn ọkọ̀ ìlú Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, ilé iṣẹ́ náà gbé ọkọ̀ àfihàn kan jáde tí wọ́n kọ nọ́ńbà 20 sí lára pẹ̀lú àwòrán ọkàn. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn yóò sọ nípa rẹ̀. Ìdáhùn àwọn èrò dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pinnu láti ṣe é fún títà.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.8, ìyẹn ni pé kò gùn ju àwọn ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ tó kún ojú títì lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni ti lítà 1.6, èyí tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí agbára ẹṣin 110. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ lè mú ti lítà 2.0, tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ẹṣin 136. Nígbà tó yá ni wọ́n fi ẹ́ńjìnnì oní-dísù kún un. Ìjókòó mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n méjì ẹ̀yìn há gan-an. Ọmọdé lè jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bá wọ ibẹ̀ kò ní pẹ́ béèrè pé ìgbà wo ni wọn yóò dé.

ONÍṢẸ́ EYÍN LÓ BẸ̀RẸ̀ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Mercedes ti ilẹ̀ Jámánì ló kọ́kọ́ ronú kan òrùlé irin tó ń wọ bọ́ọ̀tù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni Peugeot ti wà nídìí rẹ̀, ẹni tó sì ronú ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà kì í ṣe mẹkáníìkì. Onímọ̀ ìtọ́jú eyín ni. Georges Paulin lorúkọ rẹ̀, ọdún 1902 ni wọ́n bí i. Eyín ló ń tọ́jú lọ́sàn-án, àwòrán ọkọ̀ ló sì ń yà bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tí òrùlé irin yóò fi máa lọ sẹ́yìn, tí yóò sì rọra sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ ìdérí bọ́ọ̀tù.

Émile Darl'mat, ẹni tó ń ta ọkọ̀ Peugeot ní ìlú Paris, àti Marcel Pourtout, ẹni tó ń kan ara ọkọ̀, ló bá a gbé èrò náà jáde. Ní ọdún 1934, wọ́n ṣe àwọn Peugeot 401 àti 601 tó ní irú òrùlé náà. Éclipse ni wọ́n pè wọ́n, ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé ń lò bí òṣùpá bá bo oòrùn lójú. Lẹ́yìn náà ni Peugeot fúnra rẹ̀ ra ẹ̀tọ́ lórí èrò náà, tó sì ṣe 402 Éclipse. Iná bátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣí òrùlé 402 yìí, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n padà sí èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣí.

Ìgbẹ̀yìn Paulin bani nínú jẹ́. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, tí àwọn ọmọ ogun Hitler gba ilẹ̀ Faransé, ó darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀ láti lé wọn lọ. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì yìnbọn pa á ní oṣù kẹta ọdún 1942. Ogójì ọdún péré ni kò tíì pé. Nígbà tí 206 CC jáde ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, Peugeot kò gbàgbé láti rán aráyé létí pé ohun ìní àwọn ni àwọn padà lọ mú.

AMẸ́RÍKÀ GBÌYÀNJÚ, Ó REWÉ

Lẹ́yìn ogun náà, Ford ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣe irú ọkọ̀ yìí lọ́pọ̀ yanturu. Ní ọdún 1957 ni wọ́n gbé Fairlane 500 Skyliner jáde. Ọkọ̀ ńlá ni, gbogbo agbo ilé lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí òrùlé rẹ̀ bá ń ṣí, àwọn èèyàn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti wò ó bí ẹni ń wo eégún. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ìran náà kò rọrùn rárá. Wáyà tí wọ́n nà sínú ọkọ̀ náà nítorí òrùlé yìí nìkan gùn ju mítà 180 lọ, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń lo iná sì pọ̀ níbẹ̀. Bí òrùlé bá ká wọ bọ́ọ̀tù tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àyè fún ẹrù mọ́.

Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n dá a dúró ní 1959, 48,394 ni gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe. Iye yìí kéré lójú ilé iṣẹ́ tó tóbi tó Ford, owó tí wọ́n sì ń ná lórí ṣíṣe é pọ̀. Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti padà sí òrùlé aṣọ, tí èrò òrùlé irin sì sùn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Mercedes ló jí i lójú oorun. Ní 1996 ni wọ́n gbé SLK jáde, ọkọ̀ oníjòkòó méjì tí òrùlé irin rẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀tù láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25. Kọ̀ǹpútà àti ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà fi ọ́ìlì ti nǹkan ti sọ iṣẹ́ tó le ní 1957 di ohun tó rọrùn. Gbogbo ayé ló fẹ́ SLK, ṣùgbọ́n owó Mercedes ni owó rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó láti ìta ilé ìtajà pọ̀ ju ẹni tó lè wọlé lọ rà á lọ.

BÍ OWÓ RẸ̀ ṢE WÁLẸ̀

Ibi tí ọgbọ́n Peugeot wà nìyí. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ya ọkọ̀ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ 206 tí wọ́n ti ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu ni wọ́n mú: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni, gíà rẹ̀ ni, bíréèkì rẹ̀ ni, dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ náà sì ni. Ohun tí wọ́n yí padà kò ju apá ẹ̀yìn, gíláàsì iwájú tí wọ́n dẹ̀ sẹ́yìn, àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi irin kún kó lè lágbára. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé tó dúró gbọin-in dà bí páálí tí wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá le, yóò máa lọ́ bó bá kọjá lórí gegele.

Iṣẹ́ òrùlé fúnra rẹ̀, wọ́n gbé e fún Heuliez, ilé iṣẹ́ tó wà ní ìlú Cerizay ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ ara ọkọ̀ kíkàn ni iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí jẹ́ kí Peugeot lè ta ọkọ̀ náà ní nǹkan bí ìdajì iye tí wọ́n ń ta SLK ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù. Wọ́n tún fi ibi kan pa owó mọ́, èyí tí ojú lè rí: kí òrùlé tó ṣí, awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìkọ́ méjì tó wà lókè gíláàsì iwájú. Nínú Mercedes, ẹ̀rọ ló ń ṣe ìyẹn. Ẹni tó ra 206 CC kò ka èyí sí nǹkan. Ó mọ̀ pé owó tí òun kò san ni òun ń fi ọwọ́ tú.

BÍ ÒRÙLÉ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Bí ọkọ̀ bá ti dúró, tí awakọ̀ sì ti tú ìkọ́ méjèèjì, yóò tẹ bọ́tìnnì kan. Àwọn gíláàsì ẹ̀gbẹ́ yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ìdérí bọ́ọ̀tù yóò wá ṣí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe máa ń ṣí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó ẹrù sí i. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni yóò gbà ṣí, bí ẹnu apẹja tó là. Òrùlé náà, tó pín sí ọ̀nà méjì, ìyẹn pẹpẹ orí àti apá ẹ̀yìn tó gbé gíláàsì dání, yóò ká lé ara rẹ̀, yóò sì rọra wọlé. Ìdérí bọ́ọ̀tù yóò pa dé lé e lórí. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé òrùlé wà níbẹ̀ rí.

Pọ́ńpù kan tó ń lo iná bátìrì ló ń ti ọ́ìlì gba inú àwọn páìpù tín-ín-rín lọ síbi àwọn ọ̀pá tó ń gbé òrùlé. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan wà tó ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ìdérí ti ṣí tán, pé òrùlé ti jókòó, pé kò sí ohun tó dínà. Nínú bọ́ọ̀tù, abala kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fà dé orí ẹrù kó lè pààlà sáàárín ẹrù àti òrùlé. Bí wọn kò bá fi abala yìí sí ààyè rẹ̀, òrùlé kò ní mira. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni, kó má baà sọ̀kalẹ̀ lé àpótí ẹnì kan lórí.

OHUN TÓ FA ÀWỌN ÈÈYÀN MỌ́RA

Ẹwà ni àwọn kan yóò kọ́kọ́ dárúkọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kọ́. Ìbàlẹ̀ ọkàn ni ohun tí 206 CC tà fún àwọn èèyàn. Ẹni tó ní ọkọ̀ olórùlé aṣọ tẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ gbé e sí ìta ní òru. Ó mọ̀ pé ọ̀bẹ kékeré tó. Nígbà òtútù, òrùlé aṣọ kì í dí tó, gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ike ṣe a sì máa di dúdú bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Nítorí èyí, ọkọ̀ olórùlé aṣọ sábà máa ń jẹ́ ọkọ̀ kejì nínú ilé, èyí tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ ìsinmi.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ọkọ̀ méjì ni 206 CC bá sọ̀rọ̀. Ó lè gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní oṣù kìíní tí yìnyín ń bọ́, kó sì ṣí òrùlé rẹ̀ ní oṣù kẹfà nígbà tí oòrùn bá mú. Irin ló bò ó, gíláàsì gidi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì bí ti ọkọ̀ yòókù. Bí wọ́n bá pa òrùlé rẹ̀ dé, bọ́ọ̀tù rẹ̀ gba ẹrù dáadáa. Owó epo rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti 206 lásán, mẹkáníìkì tó bá sì mọ 206 mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ̀ dáadáa. Ìran ni òrùlé náà fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá dúró síwájú ilé oúnjẹ, tí òrùlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká, àwọn èèyàn á dákẹ́ wò ó. Inú ẹni tó ń san ẹ̀yáwó rẹ̀ lóṣooṣù á dùn pé, fún ogún ìṣẹ́jú àáyá yẹn, òun náà dà bí ọlọ́lá. Àwọn Yorùbá sọ pé ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á kò wo ẹnu àáké rárá.

GBÈSÈ TÓ WÀ NÍNÚ ÌGBÁDÙN NÁÀ

Àáké náà sì ní ẹnu. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Òrùlé irin, pọ́ńpù, ọ̀pá àti irin tí wọ́n fi kún ìsàlẹ̀ mú kí ọkọ̀ náà wúwo ju 206 tí wọ́n ti bí i lọ. Ọkọ̀ tó wúwo kì í sáré bó ṣe yẹ, ó sì ń mu epo sí i.

Èkejì ni bọ́ọ̀tù. Bí òrùlé bá wọlé, àyè ẹrù kò tó ìdajì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Tọkọtaya tó bá fẹ́ rin ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan: wọn yóò kó ẹrù wọn kí òrùlé wà lókè, tàbí wọn yóò ṣí òrùlé kí ẹrù wà nílé.

Ẹ̀kẹta ló le jù, òun sì ni ọjọ́ ogbó. Òrùlé ọkọ̀ lásán kì í bàjẹ́. Wọ́n ti jó o mọ́ ara ọkọ̀. Òrùlé 206 CC jẹ́ ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀rọ ló sì ń gbó. Rọ́bà tó ń dí ojú ihò láàárín pẹpẹ sí pẹpẹ a máa gan bí oòrùn bá ti pa á fún ọdún púpọ̀, omi òjò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí ìjókòó. Páìpù ọ́ìlì lè jò. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè má lè ti òrùlé dé òpin, kó wá dúró lágbedeméjì nígbà tí òjò bá ń ṣú. Owó tí wọn yóò fi tún pọ́ńpù tàbí kọ̀ǹpútà òrùlé ṣe kò dín kù nítorí pé ọkọ̀ náà ti di ògbólógbòó. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti kábàámọ̀ nìyí: ọkọ̀ ti pọ̀ ní ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ ṣì dúró sórí owó ọkọ̀ tuntun.

ÀWỌN TÓ TẸ̀LÉ E

Ọjà tí 206 CC tà ta àwọn yòókù jí. Peugeot fúnra rẹ̀ gbé 307 CC tó tóbi jù ú lọ jáde ní 2003. Ní ọdún kan náà ni Renault ṣe Mégane tirẹ̀, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe òrùlé ìyẹn. Opel gbé Tigra TwinTop jáde ní 2004, Heuliez tó ṣe òrùlé 206 CC ló sì bá wọn ṣe é. Nissan ṣe Micra C+C ní ìlú Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2005. Mitsubishi, Ford àti Volvo tẹ̀lé e. Volkswagen gbé Eos jáde ní 2006 láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Palmela, ní ilẹ̀ Potogí. Ní Amẹ́ríkà, Pontiac ṣe G6 tirẹ̀ ní 2006 kan náà. Ní ilẹ̀ Jàpáánù, Daihatsu ti ṣáájú wọn ní 2002 pẹ̀lú Copen, ọkọ̀ kékeré bíńtín tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà kan.

Ní 2007, 207 CC gba ipò 206 CC. Nínú ìyẹn, kò sí ìkọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ tú mọ́; bọ́tìnnì nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

OHUN TÓ PA Á

Ohun tó yá kì í pẹ́ mọ́. Ní 2008, ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tí owó bá há, ọkọ̀ afẹ́ ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń fi sílẹ̀. Ní 2009, Heuliez wọ gbèsè tó mú un dé ilé ẹjọ́, ní 2013 ni wọ́n sì ti í pa pátápátá. Karmann ti ilẹ̀ Jámánì, tí òun náà ń ṣe irú òrùlé yìí, kéde ní 2009 kan náà pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ojú àwọn oníbàárà yí sí ibòmíràn. Ọkọ̀ gíga tó dà bíi jíìpù, èyí tí ẹbí lè wọ̀, ló wá di ohun tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí. Ìjọba Yúróòpù sì ń mú òfin èéfín ọkọ̀ le sí i, èyí tí kò bá ọkọ̀ tó wúwo lára mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni òrùlé aṣọ ti dára sí i: wọ́n ti fi aṣọ onípele púpọ̀ ṣe é, wọ́n ti fi gíláàsì gidi sí ẹ̀yìn rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ti dín kù. Ohun tí òrùlé irin fi borí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá kéré.

Volvo dá C70 dúró ní 2013. Ní 2015 ni 207 CC àti Eos parí. Mégane tẹ̀lé wọn ní 2016. Mercedes, tó jí ọ̀rọ̀ náà lójú oorun, dá ọmọ SLK, èyí tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí SLC, dúró ní 2020. BMW tó ti lo òrùlé irin padà sí aṣọ.

Ọ̀kan tó ṣì gbìyànjú lọ́nà mìíràn ni Mazda. Ní 2006, wọ́n fi òrùlé ike líle sí MX-5 wọn dípò irin. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ló fi ń ṣí, kìlógíráàmù 37 péré ló fi kún ìwọ̀n ọkọ̀, kò sì gba nǹkan kan nínú àyè bọ́ọ̀tù. Wọ́n tún gbé òmíràn jáde ní 2016 tí wọ́n pè ní RF. Ẹ̀kọ́ tí Mazda kọ́ wọn ni pé kì í ṣe òrùlé líle ló pa àwọn ọkọ̀ yòókù bí kò ṣe ìwúwo rẹ̀. Ìjókòó méjì péré ló sì wà nínú MX-5, kò gbìyànjú láti jẹ́ ọkọ̀ ẹbí.

PEUGEOT TÍ NÀÌJÍRÍÀ MỌ̀

Orúkọ Peugeot kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó dàgbà ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní ìlú Kàdúná, 504 tó sì ń jáde níbẹ̀ di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ọkọ̀ olùkọ́ àgbà àti ọkọ̀ èrò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé 504 yìí kan náà ní àbúrò tí òrùlé aṣọ rẹ̀ ń ṣí. Pininfarina ti ìlú Turin ní ilẹ̀ Ítálì ló ń ṣe é láti 1969 sí 1983. Èyí tó jẹ́ òrùlé gbọin-in tó ń gba ojú ọ̀nà kòtò-gegele ni wọ́n ń ṣe ní Kàdúná. Èyí tó jẹ́ ti afẹ́ dúró sí Yúróòpù.

Èyí kì í ṣe àìrí ọwọ́ mú. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣí òrùlé rẹ̀ nílò ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, nítorí pé gbogbo gegele tó bá gùn ló ń tú ìsopọ̀ òrùlé náà díẹ̀díẹ̀. Ó nílò afẹ́fẹ́ tí kò ní eruku, ó sì nílò ríwáyà tó mọ ọ̀nà kọ̀ǹpútà òrùlé. Ọmọ Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó rí ọ̀kan ní ọ̀pọ̀, tó sì ń rò pé òun yóò gbé e wálé, gbọ́dọ̀ tún rántí pé apá ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ ibẹ̀ wà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ọ̀nà, òfin ibẹ̀ kò sì gba irú sítíárìn bẹ́ẹ̀.

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ RÀ Á LÓNÌÍ

Gbogbo 206 CC tó wà láyé lónìí, ògbólógbòó ni. Ní Yúróòpù, wọ́n ṣì ń tà wọ́n ní iye tí kò wọ́n, èyí ló sì ń fa àwọn ọ̀dọ́ sídìí wọn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kò gbọdọ̀ sanwó kí ó tó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Kó ní kí wọ́n ṣí òrùlé náà, kí wọ́n sì pa á dé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dára. Òrùlé tó bá ń dúró lágbedeméjì, tó ń lọ́ra, tàbí tó ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀, ti ń sọ ohun tó ń ṣe é. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé bátìrì ló rẹ̀, kó ní kí wọ́n fi bátìrì mìíràn sí i kí òwò tó tẹ̀ síwájú.

Kó fi ọwọ́ kan rọ́bà yíká gíláàsì àti òrùlé. Bó bá le bí igi, tó sì ti ya, omi ń wọlé. Kó gbé kápẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀tù àti ti ẹsẹ̀ awakọ̀ sókè. Omi, ìpẹtà tàbí òórùn ilé tó ti pẹ́ láìṣí jẹ́ ẹ̀rí tí ẹnu kò lè yí. Kó wo abẹ́ ọkọ̀ àti inú bọ́ọ̀tù bóyá ọ́ìlì ń jò. Kó wo bóyá abala tó ń pààlà nínú bọ́ọ̀tù ṣì wà, nítorí pé àwọn kan ti sọ ọ́ nù, òrùlé kò sì ní ṣiṣẹ́ láìsí i.

Kó wá gbé e lọ sójú ọ̀nà tí kò dára, kí òrùlé wà lókè, kó sì tẹ́tí. Bí òrùlé bá ń jó lókè orí rẹ̀, ìsopọ̀ rẹ̀ ti tú. Kó béèrè iye tí adójútòfò yóò gbà, kó sì ya owó àtúnṣe òrùlé sọ́tọ̀ kúrò lára owó tó fẹ́ fi ra ọkọ̀. Ẹni tí kò bá lè ya owó yìí sọ́tọ̀, 206 lásán ló yẹ kó rà. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, kò sì sí òrùlé tó lè dá a dúró sínú òjò.

Ohun tí 206 CC fi hàn ní 2001 ṣì jẹ́ òtítọ́: kò di dandan kí èèyàn jẹ́ ọlọ́lá kó tó ní ohun tó wù ú. Ohun tí ọdún tó tẹ̀lé e fi hàn náà jẹ́ òtítọ́: owó tí wọ́n fi ra ohun afẹ́ kọ́ ni gbogbo owó rẹ̀. Ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn, ọjọ́ tí òjò bá ṣú ló sì sábà máa ń dé.